Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ̀kọ́ tí gbèdéke owó oṣù ní Amẹ́ríkà ní fún bọ́ọ̀lù wa

Bí líìgì bá ti parí, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti lọ sinmi, ìgbà yẹn gan-an ni ariwo bọ́ọ̀lù máa ń pọ̀ jù ládùúgbò wa. Láti Mafolúkù dé Ìsọlọ̀, láti Òkóta dé Èjìgbò, bí ẹ bá yà sí ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn tàbí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́. Ta ni Chelsea fẹ́ rà? Ta ni Arsenal fẹ́ tà? Èló ni Galatasaray san lórí Osimhen? Gbogbo wa la ti di mánéjà, bẹ́ẹ̀ a ò ní kọ́bọ̀ nínú owó ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa. Ta ló ń sọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, owó oṣù tẹ́ ẹ máa san ò gbọdọ̀ ju báyìí lọ"? Tí kò bá sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́, ta ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Òpópónà wo ni kò ní ọmọkùnrin kan tó ń jí ní ìdájí lọ sí pápá, tó jẹ́ pé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tó ní? Ẹ wo bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń gbá monkey post lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ìyá ń ta ọjà, bàbá ń wa ọkọ̀, ìrètí ilé sì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ kan bá pè é pé kó wá tọwọ́ bọ̀wé, inú gbogbo ilé á dùn. Ohun tí wọn ò ní mọ̀ ni bóyá owó tí wọ́n kọ síwèé náà wà nílẹ̀ lóòótọ́.

Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. A ó kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi òfin de owó oṣù agbábọ́ọ̀lù. A ó yà ní Yúróòpù díẹ̀, lẹ́yìn náà la ó wá padà sílé.

Bí wọ́n ṣe ń pín in ní Amẹ́ríkà

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré ni, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n sì ń kan ara wọn bí àgbò. NFL ni wọ́n ń pe líìgì rẹ̀, ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí líìgì eré ìdárayá tówó ń wọlé fún tó o lágbàáyé. Síbẹ̀, líìgì olówó yìí ló fi òfin méjì so àwọn olówó inú rẹ̀ lọ́wọ́.

Òfin àkọ́kọ́ ni salary cap, ìyẹn gbèdéke owó oṣù. Lọ́dọọdún, líìgì á ṣírò owó tó ń wọlé fún gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀. Nǹkan bí ìdá 48 nínú 100 jẹ́ ti àwọn agbábọ́ọ̀lù. Inú ìyẹn ni wọ́n ti ń yọ iye kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá. Lọ́dún 1994 tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, dọ́là mílíọ̀nù 34.6 ni. Nígbà tó fi máa di 2025, ó ti di dọ́là mílíọ̀nù 279.2. Ẹgbẹ́ ìlú ńlá bíi New York àti ti ìlú kékeré bíi Green Bay, iye kan náà ni gbèdéke wọn. Òfin náà sì ní ìsàlẹ̀: tí wọ́n bá ka ọdún díẹ̀ pọ̀, ohun tí ẹgbẹ́ ná kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 90 nínú 100 gbèdéke yẹn. Olówó ò lè ná ìnákúnàá, ahun náà ò sì lè fi ebi pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un.

Òfin kejì ni wọ́n ń pè ní draft, ìyẹn pípín àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ọdún 1936 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì kò lè kàn dìde kó lọ sí ẹgbẹ́ tó wù ú. Nígbà ìsinmi, gbogbo ẹgbẹ́ á tò: ẹni tó ṣe ẹ̀yìn jù ní sáà tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba ife ló máa mú gbẹ̀yìn. Ìpele 7 ni wọ́n ń mú wọn dà. Láti ọdún 2011 wá, owó ọmọ tuntun náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn mọ́. Ipò tí wọ́n ti mú un ló ń sọ iye tí yóò gbà fún ọdún 4 àkọ́kọ́. Ẹ fojú inú wo ilé tí wọ́n ti ń pín ẹran, tó jẹ́ pé ọmọ tó rù jù ló ń kọ́kọ́ mú.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, kó rántí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ náà ní irú ìpín yìí. Lọ́dún 1984, Houston ló kọ́kọ́ mú, ọmọ wa ni wọ́n sì mú. Michael Jordan tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni kẹta ni wọ́n tó mú un. Olajuwon ló sì fún Houston ní ife méjì tẹ̀ léra, 1994 àti 1995.

Ọ̀rọ̀ Oluokun, Atlanta àti Jacksonville

Ká lè rí bí òfin méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ò ní ṣàjèjì létí yín: Foyesade Oluokun, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ Atlanta Falcons mú un ní ìpele kẹfà. Ẹni 199 ni wọ́n ti mú kí wọ́n tó kàn án. Irú àwọn tó ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kàn wọ́n, owó tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń gbà, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ nínú líìgì.

Oluokun pẹ́ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dúró, kó gbé e lulẹ̀. Ní sáà 2021, ìgbà 192 ló lọ́wọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tó o nínú gbogbo líìgì náà. Sáà yẹn gan-an ni ìwé àdéhùn ọdún 4 rẹ̀ parí. Ọmọ tí wọ́n mú ní owó pọ́ọ́kú ti di ọjà iyebíye.

Kí wá ni Atlanta ṣe? Ibi tí ìṣirò ti dé nìyẹn. Wọ́n ní Matt Ryan, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn láti ọdún 2008. Lọ́dún 2022, gbèdéke ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 208.2. Ti Ryan nìkan fẹ́ kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.6 nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nínú èèyàn 53 fẹ́ gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin! Ohun tó fà á ni pé nígbà tí owó ń há ní àwọn ọdún tó ti kọjá, ẹgbẹ́ náà máa ń ti apá kan owó rẹ̀ síwájú pé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kà á. Ọdún tó ń bọ̀ sì dé. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Oluokun lọ sí Jacksonville, dọ́là mílíọ̀nù 45 fún ọdún 3. Láàárín oṣù kan náà, Atlanta fi Ryan ránṣẹ́ sí Indianapolis. Síbẹ̀, nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 40.5 ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn lọ́dún yẹn nítorí ọkùnrin tí kò wọ aṣọ wọn mọ́. Gbèsè àná ló gba àyè ẹni tí ì bá ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́la.

Jacksonville ńkọ́? Àwọn ló ṣe ẹ̀yìn jù ní 2020 àti 2021. Nítorí náà, àwọn ló kọ́kọ́ mú nínú draft 2021, wọ́n sì mú Trevor Lawrence, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bíi ti Ryan. Òfin ti sọ iye tí yóò gbà: dọ́là mílíọ̀nù 36.8 fún ọdún 4 gbáko. Bí ẹ bá pín in, mílíọ̀nù 9.2 lọ́dún ni, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí wọ́n fẹ́ ka sí Atlanta lọ́rùn lórí Ryan. Owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ra Oluokun àti àwọn mìíràn. Ní sáà 2022, Oluokun tún ni ẹni àkọ́kọ́ nínú gbígbé èèyàn lulẹ̀, ìgbà 184. Jacksonville tó jẹ́ pé eré 3 péré ni wọ́n borí nínú 17 ní sáà tó ṣáájú borí 9, wọ́n sì ṣe ipò kìíní ní ìsọ̀rí wọn. Eré 7 ni Atlanta borí.

A ò sọ pé gbèdéke ló gbá bọ́ọ̀lù fún Jacksonville o. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun wà níbẹ̀, oríire náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan sì wà tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú lọ́pọ̀ ìgbà tí wọn ò sì rí nǹkan kan ṣe. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: nígbà ìsinmi, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti mọ̀ pé tí mo bá di ẹni yìí mú, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni yẹn lọ. Nígbà tí Atlanta ṣe àṣìṣe, ẹgbẹ́ ló jìyà rẹ̀ lórí pápá. Owó àwọn agbábọ́ọ̀lù kò há. Ryan gba tirẹ̀, Oluokun gba tirẹ̀.

Yúróòpù náà ti ń de owó

Bí ẹ bá ní ìyẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa, ẹ jẹ́ ká wá sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Messi ń sunkún níwájú àwọn oníròyìn ní Barcelona. Ó fẹ́ dúró, ẹgbẹ́ náà fẹ́ kó dúró, ó ti gbà kí wọ́n gé owó rẹ̀ sí ìdajì. Síbẹ̀, líìgì Sípéènì ní gbèdéke tí wọ́n fún Barcelona ò gbà á. Ohun tó bá wọlé fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye tó lè ná níbẹ̀, Barcelona sì ti jẹ gbèsè kọjá orí. Bí Messi ṣe lọ nìyẹn, láìsí pé ẹnì kan ra á.

Ní England, ẹgbẹ́ Nottingham Forest tí Taiwo Awoniyi àti Ola Aina tiwa wà náà fojú winá òfin. Iye tí Premier League gbà kí wọ́n pàdánù láàárín ọdún 3 ni pọ́n-ùn mílíọ̀nù 61. Wọ́n fi mílíọ̀nù 34.5 kọjá rẹ̀. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n lè tà, Brennan Johnson, ṣùgbọ́n wọ́n dúró de ẹni tó máa sanwó gidi. Òpin oṣù kẹfà ni wọ́n pa ìwé ìṣirò dé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó tà á fún Tottenham. Wọ́n rí owó gidi, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n yọ àmì 4 kúrò nínú tiwọn, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n já.

UEFA náà ti ní gbèdéke tirẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba ife Yúróòpù. Ìdá 90 nínú 100 owó tó ń wọlé ni wọ́n lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù ní 2023/2024, ó di 80 ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó sì di 70 ní 2025/2026. Nítorí náà, kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló ń sọ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé

Ní NPFL tiwa, ẹgbẹ́ 20 ló wà. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀: Enyimba ti Abia, Rangers ti Enugu, Kano Pillars ti Kano, Shooting Stars ti Ọ̀yọ́. Owó wọn ń wá láti inú àpò ìjọba. Bí gómìnà bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ara á dẹ̀ wọ́n. Bí ìjọba bá yí padà, tàbí tí owó Àbújá bá pẹ́ kó tó dé, ọ̀rọ̀ á di ẹ wá lọ́la. Nígbà ìsinmi, ẹgbẹ́ lè tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú èèyàn tó pọ̀ ju ohun tí apá rẹ̀ ká lọ, nítorí kò sí gbèdéke bíi ti Sípéènì tó máa dá a dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé líìgì wa mọ̀ pé owó oṣù tó wọlé pẹ́ àti owó ìtọwọ́bọ̀wé tí wọ́n san ìdajì rẹ̀ kì í ṣe ìròyìn tuntun.

Àwọn aládàáni náà ní ìṣòro tiwọn. Ẹ wo Èkó. Stationery Stores tí àwọn bàbá wa ń kọrin fún gba líìgì ní 1992. Julius Berger gbà á ní 1991 àti 2000. Láti ìgbà náà títí di ìparí sáà 2024/2025, ẹgbẹ́ Èkó kankan ò tún gba líìgì mọ́, Èkó tó jẹ́ pé òun ni ìlú tó lówó jù ní Nàìjíríà! MFM ṣe ipò kejì ní 2017, wọ́n sì lọ sí ife àwọn aṣíwájú Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọ́n já ní 2022. Sporting Lagos gòkè ní 2023, èrò kún Oníkan fọ́fọ́, sáà kan ṣoṣo ni wọ́n lò kí wọ́n tó já. Ikorodu City gòkè ní 2024. Ẹgbẹ́ Èkó ń wá, wọ́n ń lọ. Èyí tó dúró pẹ́ kò pọ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ẹni tó fi sùúrù ṣe é ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́. Kunle Soname ló ni ín, ẹni tó ra ìpín ńlá nínú ẹgbẹ́ Feirense ní Portugal lọ́dún 2015. Remo Stars ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, kí wọ́n tó gba ife ní 2025. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, Beyond Limits, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jáde wá. Ẹni tó ń gbin iṣu tirẹ̀ kò ní máa ra gbogbo iṣu lọ́jà. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ife tán, Mamelodi Sundowns ti South Africa lé wọn jáde nínú ife àwọn aṣíwájú Áfíríkà lọ́dún yẹn kan náà. Bí òfin ilé wa bá tilẹ̀ dára, ọ̀nà ṣì jìn láàárín wa àti àwọn tó lówó lóòótọ́ ní Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Owó tí Remo Stars gbà fún ife náà ni náírà mílíọ̀nù 200. Ó dún létí. Ṣùgbọ́n ẹ pín in fún agbábọ́ọ̀lù 30, fún oṣù 12. Nǹkan bí ₦555,000 lóṣù ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí. Ẹ ò tíì san owó akọ́nimọ̀ọ́gbá, owó ọkọ̀ láti ibí dé Maiduguri, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó dókítà. Ẹ sì rántí pé ẹgbẹ́ kan péré nínú 20 ló ń gba owó yẹn. Àwọn 19 yòókù ńkọ́? Ẹgbẹ́ tó bá fi ìrètí ife san owó oṣù, bí ẹni tó fi tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ jẹ gbèsè ló rí.

Draft ò bá wa mu, gbèdéke bá wa mu

Àwọn kan máa ń sọ pé ká kúkú ṣe bíi ti Amẹ́ríkà pátápátá, ká máa pín àwọn ọ̀dọ́ fún àwọn ẹgbẹ́. Lójú tiwa, ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ní NFL, kò sẹ́ni tó ń já. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn, wọ́n á fún un ní ẹni tó dára jù kó lè gbéra. Níbí, ẹni tó bá gbẹ̀yìn máa já sí líìgì kejì ni. Kí la wá fẹ́ pín fún un? Ìdí kejì ni pé yunifásítì ló ń tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Tiwa, pápá eléruku, ojú títì àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń fi owó ara wọn ra bọ́ọ̀lù ló ń tọ́ wọn. Ìdí kẹta ni pé bí a bá sọ fún ọmọ Òṣòdì pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló lè bá ṣòwò ní Nàìjíríà, àfi kó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Cotonou.

Gbèdéke owó oṣù lohun tó bá wa mu. Kì í ṣe iye kan ṣoṣo fún gbogbo ẹgbẹ́, nítorí ti Rangers ò lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Ohun tí à ń sọ ni ìdá kan nínú owó tó dájú. Kí líìgì tó forúkọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ mú ẹ̀rí wá: owó tí ìjọba ti fọwọ́ sí nínú ìṣúná, ìwé àdéhùn onígbọ̀wọ́, owó tó wà ní báńkì. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ náírà mílíọ̀nù 300, tí òfin sì ní ìdá 60 nínú 100 ni kí wọ́n fi san owó oṣù, mílíọ̀nù 180 nìyẹn. Fún èèyàn 30, ₦500,000 lóṣù ni. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ san mílíọ̀nù kan fún èèyàn kan gbọ́dọ̀ dín iye èèyàn kù tàbí kó wá owó sí i. Kó má kàn kọ ọ́ síwèé.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù lè béèrè pé, "Ṣé owó wa ò kéré tó tẹ́lẹ̀ ni? Àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn ń fà wá, ẹ tún fẹ́ fi gbèdéke lé e." Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni, a ò sì gbọdọ̀ fojú fò ó. Bí gbèdéke bá wà láìní ìsàlẹ̀, àwọn olówó ẹgbẹ́ nìkan ló máa gbè. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà fi ní òkè àti ìsàlẹ̀. Kí tiwa náà ní iye tí owó oṣù kò gbọdọ̀ kéré sí, kí wọ́n sì máa fi àmì yíyọ fìyà jẹ ẹgbẹ́ tí kò bá san. ₦300,000 tó ń wọlé lóṣooṣù sàn ju ₦800,000 tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló ń wọlé. Ẹ bi onílé, ẹ bi olùkọ́ ọmọ, wọ́n á sọ èyí tí wọ́n fẹ́.

Ohun tí àwọn òbí lè ṣe kí òfin tó dé

Òfin tuntun ò ní dé lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn òfin FIFA kan ti wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ìyá àti bàbá tó lọ́mọ ní pápá mọ̀.

Àkọ́kọ́, bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ó kéré tán ọjọ́ 15 láti san án. Bí wọn ò bá san án, ó ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí ìwé àdéhùn náà kó sì lọ. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ẹnu lásán ò tó.

Ìkejì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ìwé tó ju ọdún 3 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ò gbà kí wọ́n gbé e lọ sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àyàfi nítorí àwọn ìdí mélòó kan tí òfin náà dárúkọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó físà fún ọmọ ọdún 15 tó ti rí kíláàbù ní Yúróòpù, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ìkẹta kan àwọn tó ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Galatasaray san 75 mílíọ̀nù owó Yúróòpù lórí Osimhen lọ́dún 2025. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò òfin náà, ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 16 sí 23 ń mú ìdá kan nínú 200 wá, ìyẹn 375,000 nínú irú owó bẹ́ẹ̀. Fún ọdún 12 sí 15, ìdajì ìyẹn ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù, tó sì forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ló lè gbà á. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó tọ́ ọmọ fún ọdún 6 láìní ìwé kankan, àtẹ́wọ́ lásán ló máa kù sí i lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, nígbà ìsinmi bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, bí ẹ bá ń jiyàn lórí ẹni tí Chelsea fẹ́ rà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan sí i: ẹgbẹ́ tó fẹ́ mú ọmọ àdúgbò wa, níbo lowó oṣù rẹ̀ wà? Atlanta lówó ju gbogbo ẹgbẹ́ wa lápapọ̀, síbẹ̀ òfin jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sílẹ̀ nítorí ìṣirò ò gbà á. Bí a bá lè mú kí àwọn ẹgbẹ́ tiwa ṣe ìṣirò yẹn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, ọmọ tó ń jí ní ìdájí ní Mafolúkù á mọ̀ pé iye tí wọ́n kọ síwèé ló máa wọ àpò òun.